Ohùn Àárọ̀ àti Gẹ̀gẹ̀ tó Tún Hù

Gbogbo awakọ̀ ló ń pè é ní Ohùn Àárọ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì ọ̀gá, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí, kò sẹ́ni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà nínú yàrá onígíláàsì tó wà lókè ibùdókọ̀, tó ń fi máìkì pe bọ́ọ̀sì fún èrò. Bọ́ọ̀sì mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ń jáde lójúmọ́, òun ló sì ń pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tó ń lọ, ilẹ̀kùn tí èrò máa gbà jáde sí i. Kì í kánjú, kì í pariwo. Tó bá ti la ẹnu báyìí, ẹni tó sùn lórí bẹ́ǹṣì á jí, àwọn tó ń jà á sinmi ìjà, ẹni tí kò tiẹ̀ ní ibi tó ń lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo báàgì rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Káfíńtà, ní ìsọ̀ sí ẹ̀yìn ògiri ibùdókọ̀ náà. Káfíńtà ò ní aago. Tí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, "Kí ni mo fẹ́ fi aago ṣe? Mo ti gbé e níyàwó." Bọ́ọ̀sì kìíní ló fi ń ṣílẹ̀kùn, bọ́ọ̀sì ogún ló fi ń jẹun, bọ́ọ̀sì ogójì ló fi ń gbálẹ̀ ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ obìnrin náà ju kí ó ra aṣọ fún un lọ.

Lẹ́yìn náà ni gẹ̀gẹ̀ yọ sí i lọ́rùn. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹ̀pà, ó dà bí ẹyin, nígbà tó yá kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, á ní ó dà bíi pé ẹnì kan jókòó sí òun lọ́fun. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹran kan wà níwájú ọ̀fun ènìyàn tó rí bí labalábá, òun ló ń tú oje tó ń darí ooru ara àti okun ara; tirẹ̀ ti wú kọjá àtúnṣe, wọ́n máa yọ gbogbo ẹ̀. Látọjọ́ náà lọ, hóró oògùn kan ní gbogbo àárọ̀, kó tó fi nǹkan kan kan ẹnu, títí tó fi máa fi ayé sílẹ̀. Hóró yẹn ló máa ṣe iṣẹ́ tí ẹran náà ń ṣe.

"Gbogbo ẹ̀ lẹ máa yọ?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

Wọ́n yọ ọ́. Ìwé ní kó sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá ibùdókọ̀, ọkùnrin tínrín kan tó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu tábìlì kó tó sọ̀rọ̀ tó le, wá ẹni tó máa di máìkì mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ẹni tó rí ni Ẹlẹ́rìn-ín, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní fèrèsé ìsàlẹ̀. Àbúrò Ohùn Àárọ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà, ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n fi jù ú. Ẹlẹ́rìn-ín kó aṣọ rẹ̀ wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè máa tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀, á gbé oògùn fún un. Á wá gun òkè lọ pe bọ́ọ̀sì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Ohùn Àárọ̀ padà síbi iṣẹ́ pẹ̀lú àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́rùn bí okùn ẹ̀gbà ọrùn. Ó jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì máìkì, ó la ẹnu. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ńtì. Ọ̀gá nu tábìlì.

"Mà, ẹ sinmi díẹ̀ sí i. Ohùn á padà. Ẹ máa bá wa mójú tó yàrá ẹrù tó sọnù ná."

Ìsinmi díẹ̀ yẹn ló di oṣù kan, tó di oṣù márùn-ún. Yàrá ẹrù tó sọnù wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀. Agbòjò mọ́kàndínlógójì ló wà níbẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún mẹ́jọ, ẹsẹ̀ òsì mẹ́ta, àti eyín àtọwọ́dá kan tí olówó rẹ̀ ò wá gbà. Bóyá ojú ló ń tì í. Ní òkè orí rẹ̀ gan-an ni gbohùngbohùn kan wà, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè di etí sí i.

Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ àbúrò rẹ̀.

Ká sọ pé ọmọ yẹn ò mọ̀ ọ́n pè ni, ara ì bá tù ú. Ó mọ̀ ọ́n pè. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó rọ̀, ó sì tún ń fi àwàdà sí i, ohun tí Ohùn Àárọ̀ ò ṣe rí fún ọdún mọ́kàndínlógún. Á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí Òkè Odò, ilẹ̀kùn kejì. Ẹ má gbàgbé báàgì yín, ẹ má gbàgbé ìyàwó yín. Èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé nínú méjèèjì, ẹ̀gbọ́n mi wà nísàlẹ̀, ó ń bá yín tọ́jú ẹ̀." Gbogbo ibùdókọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn awakọ̀ á fun fèrè. Ẹ̀rín yẹn á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá Ohùn Àárọ̀ láàárín agbòjò, á ṣe é bí ẹni pé wọ́n ju omi tútù sí i lẹ́yìn.

Ó ra ìwé kékeré kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àṣìṣe ọmọ náà sílẹ̀. "Ìṣẹ́gun, bọ́ọ̀sì kẹsàn-án, ó fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́. Ọjọ́bọ̀, ó pe ilẹ̀kùn kẹta fún ìkẹrin, ó tún un pè. Ẹtì, ó wúkọ́ sí máìkì." Ó ń dúró de ọjọ́ tí ọ̀gá máa bi í. Ọ̀gá ò bi í.

Lọ́jọ́ kan, Káfíńtà dé látibi iṣẹ́, ó ń bọ́ bàtà. "Òní yára o. Kí n tó fi igi kan ilẹ̀, ó ti pe ogójì."

"Ta ló pè é?"

"Àbúrò ẹ náà ni. Ta ló tún ń pè é?"

"Ẹ ní ẹ ò fẹ́ ra aago, pé ẹ ti gbé e níyàwó. Ṣé ẹ ti wá gbé òun náà níyàwó ni?"

Káfíńtà wo bàtà ọwọ́ rẹ̀. "Èmi? Ìyàwó kan tí mo fẹ́, kò tíì jẹ́ kí n sinmi, mo tún máa wá fẹ́ èkejì?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín tó wà ní kíṣìnnì náà rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín pọ̀, ìyẹn gan-an ló wá bà á jẹ́ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹlẹ́rìn-ín dé pẹ̀lú ife omi àti hóró oògùn lórí àwo kékeré, bó ṣe máa ń ṣe. "Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn yín rèé."

Ohùn Àárọ̀ wo ọwọ́ náà. Èrò kan sọ sí i lọ́kàn, èrò burúkú tó dà bí òótọ́: láti ìgbà tí mo ti ń gbé nǹkan yìí mì ni ohùn mi ti rì. Ọwọ́ tó sì ń gbé e fún mi ni ọwọ́ tó gba máìkì. Kò sọ pé májèlé ni o. Ó ṣáà rò ó, ó sì fi í síbẹ̀ kó máa hu gbòǹgbò. Ó gba hóró náà, ó fi sábẹ́ ahọ́n, ó mu omi. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ jáde, ó pọ̀ ọ́ sọ́wọ́, ó nù ún gbẹ, ó sọ ọ́ sínú agolo bọ́tìnnì. Kò lè jù ú nù; ẹni tó bá ti ń tọ́jú ẹrù tó sọnù, nǹkan kì í yá a lára láti jù nù.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan, tí Ẹlẹ́rìn-ín máa ń sùn pẹ́, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọ̀kan nínú ìgò, á gbé e mì. Èyí tó bá ti ọwọ́ ara rẹ̀ wá ò bà á lẹ́rù. Ọjọ́ tí ọsibítù ní kó wá fún àyẹ̀wò, kò lọ. Ó ní òun ń palẹ̀ agbòjò mọ́.

Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Òtútù ń mú un nínú oòrùn, ó ń wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan. Ó ń sùn lórí káńtà, èrò á wá gba báàgì rẹ̀, á rò pé òun náà wà lára ẹrù tó sọnù. Ojú rẹ̀ wú. Ohùn náà túbọ̀ nípọn, ó túbọ̀ falẹ̀, bíi kásẹ́ẹ̀tì tí bátìrì ẹ̀ ń kú lọ. Ó ń sọ fún àwọn agbòjò pé, "Ṣé ẹ rí i? Èyí tí mò ń lò lọ́jọ́ Àìkú yẹn gan-an ti pọ̀ jù."

Ó fi ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ṣe bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ń de bọ́tìnnì ọrùn yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, bọ́tìnnì ò pàdé ihò. Ó fà á, kò pàdé. Ó fi ìka kan ọrùn. Lókè àpá náà, lápá òsì díẹ̀, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó tó hóró ẹ̀wà méjì. Ó gbé itọ́ mì: nǹkan náà gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹni téèyàn bá gbé fún ọdún mẹ́rin, téèyàn bá fọwọ́ kàn án, á dá a mọ̀.

Ẹlòmíì á ké. Ohùn Àárọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tí gẹ̀gẹ̀ fi wà ni ohùn fi wà. Wọ́n yọ gẹ̀gẹ̀, ohùn bá a lọ. Ní báyìí gẹ̀gẹ̀ ń padà bọ̀. Kí ló tún kù tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀? Ó sọ fún dígí pé, "Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ni wọ́n yọ. Òun náà ò gbà fún wọn."

Ó wé ìborùn mọ́ ọrùn, kò jẹ́ kẹ́nì kankan rí i. Ó ń tọ́jú rẹ̀ bí aláboyún ṣe ń tọ́jú ikùn. Tí kò bá sí èrò lọ́dọ̀ rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á dojú kọ àwọn agbòjò, á dán ohùn wò: "Bọ́ọ̀sì kẹẹ̀ẹ́dógún, Òkè Odò, ilẹ̀kùn kejì." Agbòjò mọ́kàndínlógójì gbọ́, kò sí èyí tó dìde. Á ní kò burú, gẹ̀gẹ̀ ò tíì dàgbà tó. Lókè, àbúrò rẹ̀ á máa pa èrò lẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n á ní lọ́kàn ara rẹ̀, "Rín in dáadáa. Ọjọ́ ń bọ̀."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, oòrùn mú gan-an. Wọ́n ń jẹ búrẹ́dì nílé, òógùn ń bọ́ lójú Káfíńtà, ìyàwó rẹ̀ sì wé ìborùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bọ́ nǹkan yìí, ẹ ó yan bí ẹja." Ẹlẹ́rìn-ín na ọwọ́, ó fà á kó tó mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan ibẹ̀. "Kí lèyí?"

"Ọ̀rá ni."

"Ọ̀rá wo? Ẹ gbé itọ́ mì."

"Mi ò ní itọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé itọ́ mì!" Ó gbé e mì. Nǹkan náà gun òkè níṣojú gbogbo wọn. "Ẹ ò rí i pé ó tún ti hù! Lọ́la, ọsibítù."

"Kí wọ́n tún gé mi? Kí wọ́n wá gé ìyókù ohùn tó kù, kí ìwọ wá jókòó síbẹ̀ títí o máa fi hu ewú?"

Káfíńtà gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó mi, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Má fi ibẹ̀ ṣeré. Lọ."

Ó lọ. Ó ní òun nìkan lòun máa lọ, kí àbúrò òun lọ pe bọ́ọ̀sì tó gbà. Dókítà tó bá níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ obìnrin, ọ̀dọ́, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé.

"Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Lójoojúmọ́."

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọrùn rẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú ẹran náà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹwàá. Nígbà tó dé, dókítà gbé ìwé síwájú rẹ̀.

"Ohun tó dára ni kí n kọ́kọ́ sọ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹran gẹ̀gẹ̀ yẹn náà ló tún hù. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yín ní ẹ ò lo oògùn."

"Ẹ̀jẹ̀ mi ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́, mà. Ó tiẹ̀ ń rojọ́ yín."

Ohùn Àárọ̀ wo ilẹ̀. Ó wá sọ gbogbo ẹ̀: abẹ́ ahọ́n, agolo, ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀. "Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ làwọn yọ. Kí ló wá hù?"

"Ẹ ti gbálẹ̀ rí, mà. Tẹ́ ẹ bá da ìrẹsì sílẹ̀, ẹ gbá a títí, hóró kan lè há sí kọ̀rọ̀. Kọ̀rọ̀ tó wà lọ́rùn yín súnmọ́ iṣan tó ń gbé ohùn. Oníṣẹ́ abẹ tó bá mọ iṣẹ́ kì í fẹ́ fi ọ̀bẹ ha ibẹ̀, tìtorí ohùn yín náà ni. Hóró kan kù. Tí oògùn bá wà lára, hóró yẹn á sùn síbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa pe ẹran yẹn sí iṣẹ́. Tí kò bá ti rí oje rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Á pè é, á pè é, kò ní sinmi…"

"Bí ìgbà téèyàn ń pe bọ́ọ̀sì tó ti lọ."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Ọdún kan àti oṣù méje ni ara yín fi ń pè é. Hóró tó há sí kọ̀rọ̀ ló gbọ́, ló dìde, ó ń dàgbà kó lè jẹ́ ìpè."

Ohùn Àárọ̀ fi ọwọ́ bo ọrùn. "Ohùn mi ńkọ́? Mo rò pé inú ẹ̀ ló wà."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. "Kò sóhùn kankan nínú gẹ̀gẹ̀, mà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohùn máa ń há. Tiyín ì bá ti máa là díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún kan. Àìlo oògùn ló tún jẹ́ kó nípọn: ó máa ń jẹ́ kí okùn ohùn wú. Ojú tó wú, òtútù tó ń mú yín, oorun yẹn, nǹkan kan náà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára ju ọ̀bẹ lọ. Ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ohùn rẹ̀ lọ́rùn láràárọ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ó sì ń kọ àṣìṣe ẹlòmíì sínú ìwé.

Dókítà ní àwọn lè ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n àpá ti so gbogbo ibẹ̀ mọ́ra, ọ̀bẹ lè kan iṣan ohùn, tó bá sì kàn án, ó lè má sóhùn mọ́ rárá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àbí kó máa lo oògùn lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan, kí ìpè yẹn lè dákẹ́. Gẹ̀gẹ̀ lè dúró síbi tó dé, ó tiẹ̀ lè súnkì díẹ̀. Wọ́n á máa wò ó lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹni tó máa rí i pé ẹ gbé e mì. Mi ò fẹ́ ìtàn agolo mọ́. Ta ló wà nílé?"

"Àbúrò mi wà," ló wí.

Ó délé, ó da agolo náà sórí tábìlì níwájú Ẹlẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́wọ́. Ẹlẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ní méjì méjì, kò gbójú sókè. Ó dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́jọ, ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ẹ rò pé májèlé ni mò ń fún yín?"

"Mi ò rò pé májèlé ni. Mo ṣáà rò."

"Ẹ ṣáà rò! Láràárọ̀ tí Ọlọ́run dá, mò ń dìde kí ilẹ̀ tó mọ́ torí kẹ́ ẹ lè lò ó kẹ́ ẹ tó jẹun. Ẹ ń wò mí lójú, ẹ ń mu omi, ẹ ń sọ pé 'o ṣé'!" Omi jáde lójú rẹ̀, ó fi inú ọwọ́ nù ún. "Máìkì yín wà lókè. Ẹ lọ gbé e. Mi ò ṣe mọ́."

Ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ onídìrí, ní àdúgbò kejì.

Kí ènìyàn sọ òótọ́: bí Ohùn Àárọ̀ ṣe ń sunkún náà ni nǹkan kan ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú rẹ̀. Máìkì ṣófo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé oògùn mì, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ó jókòó sórí àga náà. Àga ti gba ìdí ẹlòmíì, ó tún un gbé. Ó tẹ bọ́tìnnì.

"Bọ́ọ̀sì kìíní, ọ̀nà ilé ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn kìíní."

Ó há, ó nípọn, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ àtijọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n fun fèrè. Ẹnì kan kígbe, "Màmá wa ti dé!" Ó pe ìkejì, ó pe ìkẹta. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó fẹ́ fi àwàdà sí ìkẹfà, kò rí èyí tó máa fi sí i. Ní ìkẹwàá, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní ìkejìlá, ìdajì ọ̀rọ̀ ló jáde. Ní ìkẹrìnlá, afẹ́fẹ́ lásán ló ń bọ́ sínú máìkì, hàà, hàà, gbogbo ibùdókọ̀ ń wo òkè. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún lọ láìgbé ju èrò mẹ́rin lọ. Obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n gun òkè wá, ó ń gbá gíláàsì: "Ẹ ò pè é! Ọkọ̀ mi ti lọ, ẹ ò pè é!"

Ọ̀gá dé. Ó wá tábìlì tó máa nù.

"Ẹ má nu tábìlì," ni Ohùn Àárọ̀ fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ sọ. "Ẹ jẹ́ kí n lọ pe àbúrò mi wá."

Ó fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ó ń bá wọn ká irun sára róólà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ń dún gooo. Ohùn Àárọ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó súnmọ́ ọn.

"Jọ̀ọ́, wá. Èrò ń ṣubú lu ara wọn."

"Mi ò gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní jọ̀ọ́."

"Jọ̀ọ́ kí ni?"

"Mo jowú ẹ."

"Ẹ sọ ọ́ sókè. Ẹ ń fẹnu ṣe bí ẹja."

Onídìrí na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà. Oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀ gbé orí sókè.

"Mo jowú ẹ!" Ohùn náà já síta bí aṣọ tó ya. "Láti ọjọ́ tí o ti kọ́kọ́ la ẹnu níbẹ̀. Mo jowú ohùn ẹ, mo jowú ẹ̀rín ẹ, mo jowú bí ọkọ mi ṣe ń fi ohùn ẹ jẹun. Mo ṣì ń jowú ẹ báyìí tí mo dúró síbí. Wá."

"Mo mọ̀," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ta ni kò mọ̀? Ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ àṣìṣe mi, mo ti kà á. Irọ́ pọ̀ níbẹ̀."

"Irọ́ wo? Kò sí irọ́ kan níbẹ̀!"

"Bọ́ọ̀sì kẹrìndínlógún ọjọ́ Ẹtì yẹn, kò pẹ́."

"Ó fi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Mo wo aago ògiri."

"Aago ògiri yẹn ti ya wèrè látọdún tó kọjá!"

Oníbàárà kan ti rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ẹlẹ́rìn-ín fi róólà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́. "Màá padà. Kì í ṣe torí yín o, torí èrò ni. Ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn ṣì ń dùn mí, á sì dùn mí pẹ́. Àti pé, láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá ti gbé oògùn mì, ẹ ó la ẹnu. Màá wo òkè ahọ́n, màá wo ìsàlẹ̀ ahọ́n, bí wọ́n ṣe ń wo ẹnu ẹṣin."

"Ẹnu ẹṣin?"

"Ẹṣin kì í pọ oògùn sínú agolo. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀, á gbé e mì, á la ẹnu gbàgà, àbúrò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ wò ó. Káfíńtà á kọjú sí ògiri kó lè rẹ́rìn-ín. Lóṣù kẹta, dókítà fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dára, ìpè ti dákẹ́. Gẹ̀gẹ̀ náà ò dàgbà sí i. Lóṣù kẹfà, ó ti súnkì díẹ̀. Bọ́tìnnì pàdé ihò, ṣùgbọ́n ó fún un. Kò tán, ó sì lè má tán láé. Ojú rẹ̀ ti padà sí ojú. Ó bọ́ súwẹ́tà. Ohùn náà ń là, ó ń là díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà jíjìn tí kò wọkọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé owú tán o. Owú ò tán. Ọ̀gá ní tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, kó máa gba bọ́ọ̀sì márùn-ún lọ́sàn-án. Márùn-ún nínú mẹ́tàdínláàádọ́ta! Ó ti ka èyí tó kù fún ọmọ yẹn: méjìlélógójì. Ó ń ka iye náà lójoojúmọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wà nísàlẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín pe ọkọ̀ Òkè Odò. Ó pè é dáadáa, ohùn náà rọ́ jáde bí omi tó ń bọ́ sínú ìkòkò, ó sì dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ egungun. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá ẹrù, ó gun àtẹ̀gùn náà láìsinmi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá onígíláàsì.

"O yára pè é jù."

Ẹlẹ́rìn-ín ò yíjú. Ó fi ọwọ́ bo máìkì. "Ẹ wá pe èyí tó kàn."

"Dókítà ní ó ku ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ẹ jókòó nígbà náà, ẹ yé dúró sí mi lẹ́yìn bí ọlọ́pàá."

Ó fa àga kan, ó jókòó tì í. Níwájú wọn, èrò ń tò sí ilẹ̀kùn kẹrin. Ẹlẹ́rìn-ín ṣí ọwọ́ kúrò lórí máìkì, ó mí sínú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà mí sínú láìmọ̀. Ẹnì kan ló sọ̀rọ̀ jáde.

"Èyí ò yára jù?" ni Ẹlẹ́rìn-ín bi í nígbà tó parí.

Ohùn Àárọ̀ wo ilẹ̀kùn kẹrin títí ẹni tó kẹ́yìn fi wọlé.

"Èyí dáa," ló wí.